Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo fi jókòó ti rísífà mi ní Ṣómólú

Ọjọ́ Sátidé tí a sọ ọmọ àbúrò mi lórúkọ ni rísífà mi, ẹ̀rọ tó ń fún orin lágbára kó tó dé sípíkà, kú. Àlejò ti kún àgbàlá, jẹnẹrétọ̀ ń dún lẹ́yìnkùlé, fújì ń lọ lọ́wọ́, àwọn ìyá ti ń tún ìró ró kí wọ́n lè jó dáadáa. Àfi bí gbogbo ibẹ̀ ṣe pa lọ́lọ́. Mo kọ́kọ́ rò pé jẹnẹrétọ̀ ló kú, ṣùgbọ́n fáànù ṣì ń yí lókè. Mo sáré wọ pálọ̀, mo tẹ rísífà padà. Iná rẹ̀ tàn, orúkọ rẹ̀ hàn lójú dígí, mo wá ń retí ìró kékeré kan tó máa ń ta "kọ́" nínú rẹ̀ kí ohùn tó jáde. N kò gbọ́ nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló jáde, PROTECT, iná pupa ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì pa ara rẹ̀. Mo tún un tẹ̀. Bákan náà ni.

Tókunbọ̀ ni rísífà yìí. Alábà ni mo ti rà á ní 2014, ọ̀nà ohùn méje ló ní, ó sì wúwo bí ọmọ ọdún mẹ́ta. Ìlú Ọba ló ti wá, nítorí náà iná 230 fóòtì tiwa bá a lára mu. Èyí tó bá ti Amẹ́ríkà wá, 120 fóòtì ni wọ́n ṣe é fún, ẹni tó bá sì ki wáyà rẹ̀ bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì wa láìgba inú tiransífọ́mà tó ń bu iná kù, á gbọ́ òórùn rẹ̀ kó tó gbọ́ ohùn rẹ̀. Ẹ máa yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò kí ẹ tó sanwó. Ibẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè mo gbé e lọ bá oníṣẹ́ kan tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò jìnnà sí wa. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó wo PROTECT, ó ní, "Ọ̀gá, bọ́ọ̀dù ẹ̀ ti jó. Kò ṣeé ṣe mọ́. Bẹ́ ẹ bá fẹ́, kí n fún yín ní ₦15,000, kí n máa tú u lò." Kò tú ìdè kan. Kò fi mítà tí a fi ń wọn iná kan ibì kankan. Ohun tó dùn mí nìyẹn, kì í ṣe ti owó. Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni mò ń ṣe, ogún ọdún ó lé ni mo ti ń tọ́jú ẹ̀rọ. Bí ẹ̀rọ ẹnì kan bá dá iṣẹ́ sílẹ̀ tó pè mí, n kò lè dúró lẹ́nu ọ̀nà kí n máa sọ ohun tó ń ṣe é. Mo gbé rísífà mi padà sílé. Ìyàwó mi bi mí pé, "Bàbá Ìbejì, kí lẹ fẹ́ fi ṣe?" Mo ní mo fẹ́ tú u wò.

Kí n tó tú u, mo jókòó, mo kà nípa PROTECT yẹn dáadáa, nítorí òun gan-an ló ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú. Olùṣọ́ ni, kì í ṣe àrùn. Láàárín ibi tí a ti ń fún ohùn lágbára àti ẹnu ihò tí a ń so sípíkà mọ́, ilẹ̀kùn kan wà níbẹ̀, rìlé ni wọ́n ń pè é; òun ló ń ta "kọ́" yẹn nígbà tó bá ṣí. Kó tó ṣí, olùṣọ́ á kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò: ṣé iná tààrà bíi ti bátìrì kò máa bọ̀ níbi tó yẹ kí ohùn nìkan gbà? Ṣé iná tó ń kọjá kò pọ̀ jù? Ṣé ooru kò tíì ju bó ṣe yẹ? Bí ọ̀kan bá wọ́, kò ní ṣílẹ̀kùn, torí bí iná tààrà bá wọ inú sípíkà, wáyà tó wà nídìí rẹ̀ á jó. Rísífà tó bá kọ PROTECT, ọpọlọ rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́. Ìròyìn ayọ̀ ni, a kàn kì í gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀ ni.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo ṣe kò gba kọ́bọ̀: mo yọ gbogbo wáyà sípíkà kúrò lẹ́yìn rẹ̀, mo sì tún un tàn. Fọ́nrán wáyà kan ṣoṣo tó bá ṣẹ́ sára ìkejì rẹ̀ lè mú kí olùṣọ́ kọ̀. Kò yí padà. Ìyẹn ni pé inú lọ́hùn-ún ni ọ̀rọ̀ wà.

Ìdè mẹ́sàn-án ló di orí rẹ̀. Mo ká aṣọ léèsì tí ìyàwó mi tẹ́ lé e kúrò, mo tú u, mo sì gbé ìdérí sókè. Eruku inú rẹ̀ dì bí òwú. Lórí bọ́ọ̀dù iná, lẹ́bàá fíùsì, ọmọ-onílé kan dùbúlẹ̀ síbẹ̀, ó ti gbẹ gbáú, egungun rẹ̀ hàn bí eyín ìyarun, ẹyin funfun méjì sì lẹ̀ mọ́ igun irin lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Gbogbo ẹni tó rí fọ́tò rẹ̀ lórí fóònù mi ló ní òun nìyẹn, òun ló pa á. Èmi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi búrọ́ọ̀ṣì gbá a kúrò, abẹ́ rẹ̀ mọ́ tónítóní, kò sí ibi tó dúdú, fíùsì náà kò já. Ó ti pẹ́ tó ti kú síbẹ̀, rísífà ṣì ń kọrin lórí òkú rẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka ìyí. Kàpásítọ̀ ńlá méjì tó ń tọ́jú iná pamọ́ wà nínú rẹ̀, wọ́n tó agolo mílíìkì, 10,000 µF, 63 fóòtì ni wọ́n kọ sí wọn lára. Bí ẹ bá tilẹ̀ ti yọ wáyà kúrò lára ògiri, iná ṣì lè wà nínú wọn. N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi súkúdiráfà gbá ẹnu wọn méjèèjì pọ̀ bí mo ṣe ń rí i táwọn kan ń ṣe. Iná á ṣẹ́ jáde, ó lè ba bọ́ọ̀dù jẹ́, ó sì lè ba ojú jẹ́. Rẹsísítọ̀, èyí tó máa ń dí iná lọ́nà, ni mo lò, 1,000 óòmù (óòmù la fi ń wọn bó ṣe ń dí i tó), tó lè gba 5 wáàtì. Mo lẹ wáyà onírọ́bà mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, mo fi kan ẹnu kàpásítọ̀ kọ̀ọ̀kan fún ìṣẹ́jú kan gbáko, lẹ́yìn náà mo fi mítà wọ̀n ọ́n. Ó ti wálẹ̀ sí ìdajì fóòtì. Ìgbà yẹn ni mo tó ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún nìkan.

Ibi tí iṣẹ́ ọwọ́ mi ti wúlò fún mi nìyí. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé aláwọ̀ mẹ́rin tí a ní, ilé mẹ́rin ló ní, búlúù, pupa, yẹ́lò àti dúdú, ìkan náà sì ni bí wọ́n ṣe to gbogbo wọn nínú. Bí pupa bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège, mi ò ní máa la ìwé láti wá bó ṣe yẹ kó rí. Mo máa ń lọ sọ́dọ̀ yẹ́lò tára rẹ̀ yá, mo máa ń wọn tirẹ̀, mo sì máa wá fi wé ti pupa. Bí mo ṣe tẹ orí kọ́ inú rísífà, mo rí i pé bẹ́ẹ̀ náà ló rí. Ọ̀nà méje tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí irin aláwẹ́ tó ń gba ooru, tíránsísítọ̀ ńlá méjì méjì, àwọn ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ń fún ohùn lágbára, lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, rẹsísítọ̀ funfun kan láàárín wọn. Ọmọ ìyá ni gbogbo wọn. Èyí tára rẹ̀ le á sọ ohun tó ń ṣe aláìsàn.

Mo yí mítà sí ojú àmì dáyóòdù, èyí tó ń fi hàn bóyá iná lè gba ibì kan kọjá, mo mú ìwé àti bírò, mo bẹ̀rẹ̀ láti apá òsì. Láti ẹsẹ̀ òsì tíránsísítọ̀ sí ẹsẹ̀ ọ̀tún, 0.52. Ẹsẹ̀ òsì sí ẹsẹ̀ àárín, 0.51. Ẹsẹ̀ àárín sí ti ọ̀tún, mítà kò rí nǹkan kan, bó ṣe yẹ nìyẹn. Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Ìkejì, bákan náà. Ìkẹta, ìkẹrin, ìkarùn-ún, wọ́n bára mu bí ẹgbẹ́ aṣọ. Mo dé ìkẹfà, mítà ké "pííí", 0.00. Mo yí ẹnu wáyà padà, ó tún ké: inú tíránsísítọ̀ yẹn ti lẹ̀ pọ̀. Mo lọ sí ìkeje, 0.52. Mo padà sí ìkẹfà, "pííí". Mo jókòó síbẹ̀, ara mi ń gbọ̀n díẹ̀. Ọ̀nà mẹ́fà pé, ọ̀kan ṣoṣo ló kú, ẹnì kan sì fẹ́ fún mi ní ₦15,000.

N kò yára lọ ra tíránsísítọ̀. Bí tíránsísítọ̀ ńlá bá kú, ó sábà máa ń fa àwọn mìíràn lọ́wọ́ lọ. Mo tẹ̀ lé ìlà rẹ̀ sẹ́yìn, gbogbo ibi tí mo bá fi mítà kàn lójú ọ̀nà kẹfà, mo máa ń kàn án lójú ọ̀nà karùn-ún pẹ̀lú. Rẹsísítọ̀ funfun 0.22 óòmù ti já. (Èyí tí kò tíì já, mítà mi kà á sí 0.5, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dá a lẹ́bi. Wáyà mítà fúnra rẹ̀ ní 0.3, ẹ kọ́kọ́ fi ẹnu wáyà méjèèjì kan ara wọn, kí ẹ yọ iye yẹn kúrò.) Rẹsísítọ̀ kékeré kan tí kò ju ìrẹsì lọ náà ti já. Àwọn tíránsísítọ̀ kékeré ẹ̀yìn wọn kò ní ẹ̀dùn kankan.

Ní Èbúté-Mẹ́ta, bàbá kan wà tó ti ń tún rédíò ṣe láti ìgbà tí wọ́n ṣì ń lo èyí tí ń fi gíláàsì tàn nínú. Mo gbé ìwé ìwọ̀n mi lọ bá a. Mo dọ̀bálẹ̀, ó ní kí n dìde, ó na ìwé yẹn síwájú iná, ó kà á láti òkè dé ilẹ̀ láìsọ̀rọ̀. Ó wá ní, "Sípíkà mélòó lo so mọ́ ẹnu kẹfà yìí?"

Mo ní, "Méjì, sà. A yá wọn lọ́wọ́ aládùúgbò, kí ohùn lè dé ìta lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ."

"Óòmù mélòó?"

N kò mọ̀. Ó ní kí n lọ wò ó. Mo délé, mo yí sípíkà dé: 6 óòmù ni wọ́n kọ sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo yí ẹ̀yìn rísífà náà: 6 sí 16 óòmù, ó wà níbẹ̀ gbàgàdà lókè ihò, ọdún mélòó ni mo fi ń wò ó tí n kò kà á. Sípíkà 6 óòmù méjì tí a bá so pọ̀ sí ẹnu kan, 3 óòmù ni wọ́n dà. Bí óòmù bá já sí ìdajì, iná tí tíránsísítọ̀ ń gbé á di ìlọ́po méjì. Láti agogo mọ́kànlá òwúrọ̀ dé mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni mo fi gbé ẹrù yẹn lé e lórí, nínú kọ́bọ́ọ̀dù, pẹ̀lú aṣọ léèsì lórí ihò tó fi ń mí. Èmi ni mo pa á. Mo padà lọ sọ fún bàbá, ó mi orí, kò bá mi wí. Ó dìde, ó já gílóòbù kan sílẹ̀ lára ìṣó, ó gbé e fún mi.

Gílóòbù yẹn ló yẹ kí gbogbo ẹni tó bá fẹ́ tún irú nǹkan yìí ṣe ní. Gílóòbù àtijọ́ oníwáyà ni, 100 wáàtì, kì í ṣe LED tó kún ìgboro báyìí. Wọ́n so ó sójú ọ̀nà kan ṣoṣo lára wáyà tó ń gbé iná lọ sínú ẹ̀rọ, tí iná fi gbọ́dọ̀ gba inú gílóòbù kó tó dé rísífà. Bí nǹkan bá kan ara wọn nínú ẹ̀rọ, gílóòbù á tàn yòò, á sì gba ìyà náà jẹ, tíránsísítọ̀ tuntun yín kò ní jó. Bí ara ẹ̀rọ bá dá, gílóòbù á tàn lẹ́ẹ̀kan, nígbà tí kàpásítọ̀ ń mu iná, á sì relẹ̀ di pupa rẹ́súrẹ́sú. Mo fi rísífà mi tó bàjẹ́ dán an wò kí n lè mọ ojú rẹ̀: ó tàn yòò bí ìgbà tí NEPA bá mú iná dé lágbára jù, olùṣọ́ sì pa á. (Láti 2013 ni wọ́n ti tà á pín fún àwọn iléeṣẹ́ aládàáni, síbẹ̀ "Up NEPA!" náà làwọn ọmọ àdúgbò wa ń ké.)

Ó wá ku ọjà. Mo wọ dáńfó láti Ṣómólú dé Ọ̀ṣọ́dì, mo wọ òmíràn lọ sí Mile 2, mo tún wọ òmíràn dé Alábà, ní Ọjọ́. Tíránsísítọ̀ mi jẹ́ 2SC5200 àti 2SA1943, méjèèjì ń ṣiṣẹ́ pọ̀ bí tọkọtaya. Toshiba ló ṣe wọ́n ní ìpilẹ̀ṣẹ̀, 230 fóòtì, 15 áńpìà, 150 wáàtì. Ayédèrú wọn kún ìgboro. Mo ra méjì lówó pọ́ọ́kú, mo gbé wọn lọ fún bàbá. Ó gbé tuntun sí àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún, ó gbé èyí tó kú sí ti òsì, ó mi ọwọ́ méjèèjì bí ẹni ń wọn góòlù. Ó ní tuntun fúyẹ́. Ó wá bu aṣítóònù sórí òwú, èyí táwọn obìnrin fi ń pa kútẹ́ẹ̀sì rẹ́, ó nu ojú rẹ̀: gbogbo nọ́ḿbà tó wà lára rẹ̀ parẹ́ mọ́ òwú. Ti àtijọ́ tó kú, tí wọ́n fi iná kọ tiẹ̀, kò yẹ̀. Ó dá wọn padà fún mi, ó ní kí n padà lọ, kí n má ra tuntun mọ́, kí n lọ wá òkú.

Òkú ni mo rà. Ní ẹ̀yìn ọjà, níbi tí wọ́n ti ń kó bọ́ọ̀dù jọ sínú àpò, mo rí bọ́ọ̀dù ańpilifáyà kan tí tiransífọ́mà rẹ̀ ti jó, ṣùgbọ́n tí tíránsísítọ̀ mẹ́rin ṣì jókòó lórí irin rẹ̀, 2SC5200 méjì, 2SA1943 méjì. Mo fi mítà wọ̀n wọ́n níbẹ̀, lórí orúnkún mi, ọlọ́jà ń wò mí. Gbogbo wọn pé. Rẹsísítọ̀ funfun 0.22 náà wà lára rẹ̀. Owó tí mo fi ra gbogbo rẹ̀ kò tó èyí tí mo fi ra ayédèrú méjì.

Yíyọ ti inú rísífà ló le jù. Láti July 2006 ni òfin ilẹ̀ Yúróòpù ti fòfin de òjé nínú irú ẹ̀rọ báyìí, lẹ́ẹ̀dì (irin rírọ̀ tí a ń yọ́ láti fi lẹ ẹsẹ̀ nǹkan mọ́ bọ́ọ̀dù) tí wọ́n wá ń lò sì máa ń pẹ́ kó tó yọ́; ó fẹ́ tó 217 nínú ìwọ̀n ooru Celsius, nígbà tí ti àtijọ́ ń yọ́ ní nǹkan bíi 185. Mo kọ́kọ́ fi irin gbígbóná tẹ̀ ẹ́, tẹ̀ ẹ́, ojú bọ́ọ̀dù fẹ́ ṣí, lẹ́ẹ̀dì kò yọ́. Ohun tí bàbá kọ́ mi ni pé kí n kán lẹ́ẹ̀dì olójé tuntun díẹ̀ sórí ti àtijọ́, kí méjèèjì pò pọ̀. Bí mo ṣe ṣe bẹ́ẹ̀, ó rọ̀, ó ń dán, mo fi fọ́ńpù fà á, ẹsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì bọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́.

Ẹ̀yìn tíránsísítọ̀ yìí irin ni, iná sì wà lára rẹ̀, nítorí náà bébà máíkà tó ń dán fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ gbọ́dọ̀ wà láàárín òun àti irin aláwẹ́. Mo pa ìpara funfun tó ń jẹ́ kí ooru kọjá sí ojú méjèèjì rẹ̀, tín-ín-rín, kì í ṣe bí ẹni ń pa bọ́tà. Nígbà tí mo dè é tán, mo fi mítà wọ̀n láti ẹsẹ̀ àárín sí irin. Kò sí nǹkan kan. Mo tún wọ̀n ọ́n. Mo wá padà ka gbogbo ọ̀nà méjèèje láti ìbẹ̀rẹ̀, kẹfà sì bá àwọn yòókù dọ́gba.

Alẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni, iná wà. Mo ní kí àwọn ìbejì dúró lẹ́nu ọ̀nà, kí wọ́n má súnmọ́ mi. Mo so ó mọ́ gílóòbù, mo tẹ̀ ẹ́. Gílóòbù tàn, inú yàrá pọ́n, ó sì ń relẹ̀, ó ń relẹ̀, títí tí mo fi ń rí wáyà pupa inú rẹ̀ bí okùn. Mo kà á lẹ́nu: ọ̀kan, méjì, mẹ́ta, mẹ́rin.

Kọ́.

Àwọn ọmọ ló kọ́kọ́ pariwo. N kò tíì so sípíkà mọ́ ọn. Mo fi mítà sẹ́nu ihò kẹfà, mo wọn iná tààrà tó wà níbẹ̀: mílífóòtì 11 (ẹgbẹ̀rún mílífóòtì ló ń jẹ́ fóòtì kan). Àwọn yòókù wà láàárín 6 sí 15. Mo yọ gílóòbù kúrò, mo kì í bọ sítébiláísà, mo jẹ́ kó tàn fún wákàtí kan láìsí orin. Mo wá wọn ohun tó ń kọjá lórí rẹsísítọ̀ funfun kọ̀ọ̀kan: mẹ́fà wà láàárín mílífóòtì 2 sí 4, tuntun wà ní 3. Mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan irin. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kò jó mi.

Sípíkà tó ti gbó jù lọ ni mo kọ́kọ́ so, bí ohunkóhun bá ṣẹlẹ̀ kó má dùn mí púpọ̀. Àpàlà ni mo fi sí i. Nígbà tí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ wọlé láti ẹnu kẹfà yẹn, ìyàwó mi ti ilé ìdáná jáde, ó nu ọwọ́ sí aṣọ, ó jókòó, kò sọ nǹkan kan títí orin fi parí. Lẹ́yìn náà ló ká léèsì yẹn, ó gbé e sínú dúrọ́ọ̀. A ti gbé rísífà jáde nínú kọ́bọ́ọ̀dù, orí tábìlì ló wà báyìí, bí ìbú ọwọ́ kan sì ni mo fi sílẹ̀ lókè rẹ̀ kí ooru lè jáde. Ẹnu kan, sípíkà kan.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta mo dá gílóòbù padà sí Èbúté-Mẹ́ta. Bàbá gbà á, ó nù ún, ó fi kọ́ sórí ìṣó rẹ̀. Ó ní, "Mílífóòtì mélòó lo bá lẹ́nu kẹfà?"

"Mọ́kànlá, sà."

Ó mi orí, ó sì tẹjú padà sínú rédíò tó wà níwájú rẹ̀.